Bíìlì iná dé, gbogbo ọ̀gá ń na ìka síra wọn: níbi tẹ́yin wà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Akápò_Kékeré
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ẹ̀ka owó ni mo wà ní fásitì ìjọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ṣì fẹ́ gba owó oṣù mi. Lọ́jọ́ Tuesday la ṣe ìpàdé àwọn ọ̀gá, bíìlì NEPA ló wà lórí tábìlì (mo mọ̀ pé kì í ṣe NEPA ló ń jẹ́ mọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre). Ọ̀gá mi, akápò, ní àwọn Works (ẹ̀ka tó ń tọ́jú iná àti ilé) ló ń fi iná ṣòfò. Ọ̀gá Works dìde fùú, ó ní ó ti pé ọdún mẹ́ta táwọn ti kọ̀wé béèrè owó mítà, akápò ló jókòó lé fáìlì. Díìnì méjì ní kò kan àwọn, ìwé làwọn ń kọ́ ọmọ. Registrar ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gba ẹ̀rí ní kóòtù. Wákàtí méjì ààbọ̀, a ò dé ibì kankan, AC yàrá ìpàdé yẹn sì ń fẹ́ lù wá títí tí mo fi lọ mú kádígàn.

Nígbà tó yá VC ní ká dá kọmítì sílẹ̀, èèyàn méje, èmi wá ni akọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Ìbéèrè mi ni pé níbi tẹ́yin wà, kí lẹ ṣe tí ẹ̀ka owó, Works, Registry àtàwọn olùkọ́ fi lè jọ jókòó sídìí ọ̀rọ̀ owó láìjà? Mi ò fẹ́ gírámà o. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.

Oníwáyà
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Works lèmi, ó ku díẹ̀ kó pé ogún ọdún, ẹ jẹ́ n gbèjà ọ̀gá tó dìde fùú yẹn. Ẹ lọ wo ibi tí iná ti ń wọ ọgbà yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mítà kan ṣoṣo lẹ máa bá níbẹ̀. Mítà kan fún gbogbo fákọ́tì, fún hóstẹ́ẹ̀lì, fún ilé àwọn ọ̀gá, fún báǹkì, fún oníbúrẹ́dì, fún àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lábẹ́ igi. Bíìlì ẹyọ kan ló ń jáde. Ta wá lẹ fẹ́ bá wí? Ogún èèyàn jọ jẹun ní búkà, ẹni tó jókòó sún mọ́ ìyá olóúnjẹ ni wọ́n wá ń bi léèrè owó.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Alẹ́ Sátidé kan, fíùsì jó nídìí tiransifọ́mà, wọ́n pè mí. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ mo gba ẹ̀yìn fákọ́tì kan kọjá, gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n tì pa, kò séèyàn, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ń hùn bí ilé oyin. AC ni. Mo kà á, mọ́kàndínlógún, gbogbo wọn ń kán omi sára ògiri. Ẹ má sì rò pé ọ̀lẹ làwọn tó ni ọ́fíìsì yẹn o. Bó ṣe máa ń rí nìyí: aago méjì ọ̀sán Friday, NEPA mú iná lọ, AC kú, ọ̀gá rò pé ó ti parí, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba Ìjẹ̀bú lọ síbi ìnáwó. Aago mẹ́wàá alẹ́, iná dé. AC jí. Kò sẹ́ni tó máa pa á títí di àárọ̀ Monday.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ iye ẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún owó mítà. Ohun tó padà wá láti ẹ̀ka owó lára fáìlì ni "KIV", Keep In View, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣì gbé e sílẹ̀ ná.

Akápò_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, èmi gan-an ti kọ KIV rí. Tówó ò bá sí nílẹ̀, kí lẹ fẹ́ ká kọ?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ AC yẹn ò jẹ́ kí n sùn lánàá, mo gbé kakulétọ̀. Ká ní AC kan ń jẹ kílówáàtì kan, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, yúnítì mẹ́jọ nìyẹn. N68 là ń ra yúnítì kan tẹ́lẹ̀. Ní April 3, 2024, wọ́n ní kí àwa tá a wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ní iná wọn ń tó ogún wákàtí lójúmọ́) máa san N225. Wọ́n padà gé e díẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi 225 ṣe é. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù: AC kan tó ń jẹ N11,968 di ẹni tó ń jẹ N39,600. Ẹ wá sọ ọ́ di igba AC, láti N2,393,600 ó bọ́ sí N7,920,000. Lóṣù kan o. AC nìkan o, a ò tíì dé ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń fà, laábù, iná títì. Mo sì ń ka èyí tí wọ́n ń pa lálẹ́ ni, mi ò ka mọ́kàndínlógún yín tó ń sun AC di Monday.

Ta ló mọ̀ pé owó ti fò tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó wà nínú ìpàdé yẹn? Akápò nìkan. Ẹni tó ń tẹ rìmóòtù ò rí bíìlì rí láyé ẹ̀.

Ọmọ_Block_C
Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wà níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo wà lára àwọn aṣojú hóstẹ́ẹ̀lì. Ohun tó ń dùn wá ni pé tí bíìlì bá ti pọ̀, orí wa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fọ́. Wọ́n á fi kún skúù fíìsì, wọ́n á ní hot plate wa ló ń jẹ iná, wọ́n á wá kó hot plate lọ. Òótọ́ ni pé hot plate ń jẹ iná, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ bi wá léèrè iye tí gáàsì jẹ́.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ ká jọ ṣe é pọ̀: ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe wá lórí NELFUND, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣí pọ́tàlì ẹ̀yáwó yẹn May 24, 2024, owó skúù fíìsì ò kọjá lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ skúù ló ń lọ tààrà, N20,000 tá a fi ń jẹun lóṣù nìkan ló ń wọ àkáǹtì wa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n skúù ló máa kọ́kọ́ fi orúkọ wa ránṣẹ́. Rúùmèètì mi lọ sí Registry, wọ́n ní ICT. ICT ní Bursary (ẹ̀ka owó) ò tíì sọ iye skúù fíìsì dìpátímẹ́ǹtì ẹ̀. Bursary ní Registry ò tíì fi orúkọ àwọn tó wà ní 200 level ránṣẹ́. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kọjú síra wọn, bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀kan ẹ lè ju òkúta ba ìkejì, ṣùgbọ́n bọ̀bọ́ yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ni wọ́n sọ di fáìlì.

Akápò_Kékeré
Àbúrò, ẹ̀yìn ẹ á dáa. "Òun ni wọ́n sọ di fáìlì", mo máa fi ìyẹn sínú ríípọ́ọ̀tù, mi ò ní sọ pé ìwọ lo sọ ọ́.

Ìyá_Lẹ́jà
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìṣirò ni mo ṣe dàgbà. Ẹ jẹ́ n bá yín sọ ìdí tí ọwọ́ akápò fi máa ń le, kẹ́ ẹ má kàn máa bú u.

Nígbà tiwa, kálukú ẹ̀ka ló ní àkáǹtì tiẹ̀ ní báǹkì. 2015, TSA dé, àkáǹtì kan ṣoṣo fún gbogbo owó ìjọba, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ sí CBN. 2020, wọ́n kó owó oṣù àwọn olùkọ́ wọ IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù láti Àbújá, ó di December 2023 kí wọ́n tó ní kí fásitì jáde níbẹ̀. 2022, iṣẹ́ dúró láti February 14 títí di October 14, oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí ọmọ, kò sí owó hóstẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ń gba owó, bọ́ọ̀bù títì ń tàn. 2023 ìjọba ní òun máa gé ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lára owó táwọn fásitì fúnra wọn pa wọlé, ariwo sọ, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ní November ọdún yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Akápò tí ò jẹ́ kí ẹ rí ìwé owó, ẹ̀rù ń bà á ni, ó rò pé bí ẹ bá rí i ẹ máa ná an.

Ọ̀kan tún wà. Ọdún márùn-ún lòfin fún akápò fásitì ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí pé wọ́n tún un yàn. Ẹni tó ku ọdún méjì kó lọ, ẹ ní kó lọ ra sólà tí èrè ẹ̀ máa hàn lọ́dún kẹjọ. Ta ló máa kí i? Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n máa kí.

Ẹ wá jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi. Ẹnjiníà kan wà níbi iṣẹ́ mi, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi rò pé olè ni. Dísù máa ń tètè tán. Lítà tó kọ sílẹ̀ pé ó wọlé, mo ń sanwó ẹ̀, mi ò gbàgbọ́. Lọ́jọ́ kan mo bínú, mo ní kí wọ́n mú mi lọ sídìí táǹkì. Mo bọ́ bàtà, mo gun àkàbà tòun tìró, wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lójú mi. Ọ̀pá jáde, òkè ẹ̀ dísù, ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti ibí dé ibí (ìka mẹ́rin) omi àti ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ̀rọ ń fa omi, ó ń kú, wọ́n ń dà á nù, wọ́n tún ń rọ òmíràn. Ẹnjiníà yẹn ti kọ̀wé ìgbà mẹ́ta pé kí wọ́n fún òun lówó fọ táǹkì. Ọwọ́ mi ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà, bí tańkà bá ti dé, ọmọ mi kan láti ẹ̀ka owó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Kì í ṣe pé ó lọ ṣọ́ wọn o, kó lè mọ ohun tó ń sanwó fún ni.

Oníwáyà
Mummy, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀gá owó tó lè jẹ́wọ́ bíi tiyín yìí, ẹ bá wa wá méjì sí i.

Físíìsì_Kì_Í_Sùn
Ẹ ti bú àwa olùkọ́ tó. Díìnì tó ní kò kan òun, ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀: nítorí pé wọn kì í bi wá léèrè kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Wọ́n jókòó, ẹ̀ka owó àti Works, wọ́n ní kí wọ́n máa pa iná láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ó dáa, owó dínkù. Kò sẹ́ni tó pè wá lórí fóònù. Fíríìsà ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka báyọ́lọ́jì yọ́, iṣẹ́ ọdún méjì ọmọ PhD kan bàjẹ́ lóru ọjọ́ kan. Mo rí ọmọ náà láàárọ̀, ó gbé àwọn ìgò kéékèèké yẹn lé ọwọ́ bí ẹni gbé òkú ọmọ tuntun. Iye tẹ́ ẹ rí fi pamọ́ lóṣù yẹn, ẹ fi wé ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí bíìlì dínkù lóòótọ́, ẹ pe ẹni tó ń ṣe timetable wá sí kọmítì yín. Mo ń kọ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́, àwọn pátítáìmù. Ilé mẹ́fà ni kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wà lọ́gbà wa, kíláàsì kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Torí ọmọ ogójì, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ ńlá tó lè gbé gbogbo fákọ́tì. Ẹ kó gbogbo wọn sílé kan. Kò náni ní kọ́bọ̀, báírò àti ìwé la fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n timetable wà lọ́wọ́ olùkọ́, dísù wà lọ́wọ́ Works, owó wà lọ́wọ́ akápò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọ jẹun rí.

Aládàáni
Ẹ̀yin ará ìjọba ẹ ṣì ń gbádùn o. Fásitì aládàáni ni mo wà. Àwa ò ní TETFund, àpò ìjọba tó ń kọ́ ilé fáwọn fásitì ìjọba, bí ọmọ ò bá san, ilé ti dà rú nìyẹn. Ẹ̀yin, bí ilé bá ń jò TETFund á kọ́ tuntun.

Físíìsì_Kì_Í_Sùn
@Aládàáni TETFund ń kọ́ ilé, òótọ́ ni, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì ló ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, 2% ni tẹ́lẹ̀, ó di 2.5%, 2023 wọ́n sọ ọ́ di 3%. Ṣùgbọ́n wọn kì í san owó iná ilé tí wọ́n kọ́. Wọ́n á fún ẹ ní gbọ̀ngàn alájà mẹ́rin, fèrèsé gíláàsì tí ò ṣeé ṣí, AC yí i po. Wọ́n á gé ríbọ́nù, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, bíìlì ti lé sí i. Nígbà tí wọ́n ń ya pláànù ẹ̀, ṣé wọ́n bi akápò pé ṣé o lè bọ́ ọ?

Oòrùn_Ò_Gba_Owó
Kí ló dé tẹ́ ẹ ń pa ara yín lórí NEPA? Sólà! 2019 ni wọ́n ti ṣí ti Bayero ní Kánò, 7.1MW, ọdún yẹn náà ni ti fásitì Ndufu-Alike ní Èbónyì, 2.8MW, ìjọba àpapọ̀ ló ṣe é lábẹ́ ètò Energizing Education. Kí lẹ̀yin ń dúró dè? Ẹ fẹ́ kó rí bíi ti UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, tí wọ́n já iná ẹ̀ ní October 2024, tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n tó tan án padà?

Oníwáyà
Àbúrò, mi ò bá ọ jà, èmi gan-an fẹ́ràn sólà. Ṣùgbọ́n ta ló máa fọ páńẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́? Mo bi ọ́ o. Ta ló máa rọ́pò bátìrì tó bá kú, láti inú bọ́jẹ́ẹ̀tì wo? Nínú ọgbà kan tí mo mọ̀, páńẹ́ẹ̀lì wà lórí ilé, eruku lé e bí àtíkè, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ ti lọ, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti ṣí lọ sí Kánádà. Mítà kọ́kọ́. Ẹni tí ò mọ iye tó ń jẹ, sólà bí ti mélòó ló fẹ́ rà?

Ìlú_Ọba_Ni_Mo_Wà
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀ka owó fásitì kan ní England lèmi wà. Ẹ má rò pé níbí ó rọ̀. Owó tí ọmọ onílùú ń san lọ́dún, £9,250 ló wà láti 2017, 2025 ni wọ́n tó gbé e dé £9,535, gbogbo nǹkan sì ti wọ́n láàárín ìgbà yẹn. Kí ni wọ́n fi ń dí i? Owó àwa ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. June 2023 náírà já wálẹ̀, January 2024 òfin dé pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè mú ìyàwó àtọmọ wá mọ́. Àwọn ọmọ wa dínkù lójijì, ihò sì là nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Níbi tí mo wà, wọ́n ti ń bẹ òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wá gba owó kó máa lọ. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé akápò yín ń sùn, ẹ wá wo tibí, wọ́n gbé ìrètí owó wọn lé náírà láìmọ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe tó wúlò o. Wọ́n ní kí àwa ẹ̀ka owó má jókòó pọ̀ mọ́, wọ́n pín wa sí fákọ́tì. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ibi tí wọ́n ti ń mu tíì ni mo ti ń mu. Oṣù àkọ́kọ́ wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni mí. Lóṣù kẹta, obìnrin kan wá bi mí wẹ́rẹ́ bóyá ó yẹ káwọn ṣì máa sanwó yàrá kan táwọn ò lò láti ìgbà Kòrónà. Mi ò bá má mọ̀ láé tí mo bá jókòó sí ọ́fíìsì mi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń pa hítà ní April ṣáá, inú otútù ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Aládàáni
Akọ̀wé dà? Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé o. Ṣé wọn ò tíì lé e níṣẹ́?

Akápò_Kékeré
Mo ti dé, wọn ò tíì lé mi. Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, Mummy, mo sọ ìtàn ọ̀pá àti táǹkì yẹn fún wọn (mi ò dárúkọ yín), ọ̀gá Works rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Ohun tá a ṣe nìyí. Ìpàdé kejì, a ò jókòó. Mo ní kí gbogbo èèyàn méje pàdé lẹ́nu géètì láago mẹ́sàn-án alẹ́ Friday, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kùn, wọ́n wá. Díìnì tó ní kò kan òun wà lára wa. A rìn dé ẹ̀yìn fákọ́tì tiẹ̀, a gbọ́ ìhùn yẹn gan-an tí ẹ̀gbọ́n Oníwáyà sọ. Ó dúró, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè, ó ka fèrèsé láti igun, ó dé ìkẹrin, ó dákẹ́. Fèrèsé tiẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ wà nílé. Ó pe akọ̀wé ẹ̀ láago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́. Látìgbà yẹn ó ti di ẹni tó ń pe gbogbo èèyàn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Friday, ó ti sú wọn.

Ẹni tó ń ṣe timetable ti wọ kọmítì. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ máa di ilé méjì láti sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀, fíríìsà àwọn báyọ́lọ́jì ní láìnì tiẹ̀ tí Works ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìkọ́kọ́ pe àwọn báyọ́lọ́jì. Ti owó mítà, kò tíì sí. Àmọ́ Works rí mítà àlòkù mẹ́rin nínú stóò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi sí ilé mẹ́rin. Ọmọ kan láti Works àti ọmọ kan láti ọ̀dọ̀ wa ló jọ ń kà á ní gbogbo Friday, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp kọmítì. 

Kíkà àkọ́kọ́ dé lánàá. Nínú ilé mẹ́rin, ta ló jẹ iná jù? Ẹ̀ka owó. Ilé wa. A jẹ iná ju laábù kẹ́mísìrì lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ríípọ́ọ̀tù tí ọ̀gá mi máa kọ́kọ́ kà.

Oníwáyà
Kọ KIV sí i.